"Agbára" kò lè ru ẹrù mẹ́ta: lórí káàdì ayàwòrán méjì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àtijọ́.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí orúkọ tó yẹ ká fún ohun tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní "gíráfíìsì", ìyẹn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán tí à ń rí lórí ìbòjú. Bàbá wa olùkọ́ tó ń kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ ní pátákó ayàwòrán ni. Àbúrò wa kan ní káàdì àwòrán ti tó. Èmi mú "ayàwòrán" lọ́wọ́ bàbá, mo mú "káàdì" lọ́wọ́ àbúrò, torí ẹni tó bá wọ ìsọ̀ mi tó béèrè pátákó, ọ̀dọ̀ káfíńtà ni màá júwe fún un. Káàdì àwòrán lásán sì jọ káàdì ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́. Káàdì ayàwòrán, ó parí. Ẹni tó bá ní ènìyàn nìkan ló ń jẹ́ ayàwòrán, kó lọ bi ayárabíàṣá léèrè.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá bàbá jiyàn ni àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kádìí ọ̀rọ̀ wọn: "Káàdì kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ." Bàbá, ẹ forí jì mí, "agbára" yìí ti kó mi sí wàhálà rí.

Ní Ìjìgbò níbí, ní Adó, ọmọkùnrin kan tó ń gé fídíò ìgbéyàwó wá sọ́dọ̀ mi. Káàdì tòkunbọ̀ méjì wà lórí tábìlì: GTX 1060 oní 6GB ti ilé iṣẹ́ Nvidia, tó jáde ní 2016, àti RX 580 oní 8GB ti AMD, tó jáde ní 2017. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló lágbára jù?" Mo ní 580 ni. Ó sanwó, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta ló padà dé, ojú ti le. Bí iṣẹ́ bá ti wọra, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kú lójijì. Mo tẹ̀ lé e délé. Páwà, àpótí tó ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà náà, kò ju 300W (wáàtì) lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń wú túkú-túkú lẹ́yìn fèrèsé ló sì ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú iná lọ. 185W ni wọ́n kọ pé 580 nìkan ń jẹ. 1060 ń jẹ 120W. Mo ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ó ń jẹ iná ni?" Ó wò mí títí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó lágbára. Ohun tó bá lágbára, ṣé kò yẹ kó lè fara da iná tiwa ni?"

Kò jẹ̀bi. Bí a bá ní bàtà kan lágbára, pé kì í tètè já là ń wí. Bí a bá ní jẹnẹrétọ̀ kan lágbára, iná tó ń pèsè là ń wí, kì í ṣe èyí tó ń jẹ. Èmi tí mo dáhùn, iṣẹ́ tó yá kánkán ló wà lọ́kàn mi. Mo gba 580 padà, mo fún un ní 1060, mo dá ṣéńjì rẹ̀ fún un, inú mi ò dùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ "agbára" kúrò nínú ọ̀rọ̀ káàdì. Iṣẹ́ tó ń ṣe, ká pè é ní iṣẹ́. Iná tó ń jẹ, ká pè é bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa wá ní iye kókó inú káàdì, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú rẹ̀, la fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀: 1280 fún 1060, 2304 fún 580. (Ó kọ ọ́ ní "koko" láìfi àmì sí i. Nílẹ̀ Èkìtì tí kòkó ti ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí kókò sì kún ẹ̀yìnkùlé! Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín o.) Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 580 ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ 1060 lọ́nà méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù lórí ìbòjú 1920 × 1080, wọn ò jìnnà síra. Ọ̀kan á gbè sẹ́yìn 1060, òmíràn á gbè sẹ́yìn 580. Bí Nvidia ṣe ń kọ́ kókó tirẹ̀ kọ́ ni AMD ṣe ń kọ́ tirẹ̀, eré ọwọ́ wọn náà ò sì dọ́gba: 1060 lè sáré dé 1708MHz, 580 sì lè dé 1340MHz. Ẹni tó bá ti gba alágbàṣe rí kì í ka orí nírọ̀lẹ́. Ebè ló ń kà. Igba ebè ni igba ebè, ì báà ṣe ènìyàn méjì ló kọ ọ́, ì báà ṣe mẹ́rin.

Orúkọ gan-an ò ṣe é gbára lé. 1060 oní 3GB wà tí kókó rẹ̀ jẹ́ 1152. Wọ́n tún ṣe RX 580 kan fún ọjà Ṣáínà tó ní 2048.

Ẹnì kan ní ká pe irú iṣẹ́ tí àwọn kókó yìí jọ ń ṣe ní àáró. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ àáró ní sísan padà nínú: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ. Kókó inú káàdì ò ní oko kankan. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè wọ́n, ogunlọ́gọ̀ dé, kálukú mú poro tirẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán 1920 × 1080 kan ní ẹyọ àmì (píksẹ́lì) tó lé ní mílíọ̀nù méjì tí wọ́n ní láti kùn.

Ti "férémù" tí àwọn kan ń pe àwòrán kọ̀ọ̀kan tí káàdì ń yà kò gbà mí lákòókò. Ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni férémù ń gbé. Ẹ sọ pé káàdì ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wá fojú inú wò ó: 60 àwòrán kí àáyá tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ta ló tún ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn?

Ráàmù orí káàdì, ibi tí káàdì ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, ló kù. Bàbá ní àká ni. Àká ni ohun tí a kó pamọ́ ti ń sùn di ọdún tó ń bọ̀. Dísìkì ló yẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ti káàdì, bí iná bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Àtẹ ni mo pè é, bíi ti ìyá tó ń kó ọjà síta láàárọ̀ tó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Àtẹ 580 fẹ̀ ju ti 1060 lọ, 8GB sí 6GB.

Mo ti fi máákà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí páálí, mo gbé e kọ́ sẹ́nu ìsọ̀: iṣẹ́, àtẹ, iná. Àná ni màmá kan dúró kà á, wọ́n ní, "Bàbá kọ̀ǹpútà, àtẹ? Ṣé ẹ ti ń ta ata náà ni?" Bàbá Ìkẹ́rẹ́, mo ń retí èsì yín lórí ìyẹn.