Ẹ gbà mí o, ṣé X-ray ò ní pa ọmọ mi lára?

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ káàsán o. Ọmọ mi já bọ́ lórí ọ̀kadà lánàá, ọwọ́ ẹ̀ wú, dókítà ní ká lọ ya X-ray, àmọ́ torí mo lóyún wọ́n ní bàbá ẹ̀ ni kó dì í mú. Àyà mi ń já, ṣé nǹkan yẹn ò ní dúró sára ọmọ?

Oníṣẹ́ X-ray: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìtànṣán tójú ò rí ni, ará Jámánì kan, Röntgen, ló rí i lọ́dún 1895. Ó ń gba inú ẹran kọjá, eegun ló ń dí i lọ́nà torí kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí eegun fi ń funfun nínú fọ́tò tí ẹ̀dọ̀fóró sì ń dúdú. Tá a bá ti jáwọ́ lára bọ́tìnnì, ó tán nìyẹn, kò ṣẹ́ kù sára ẹnikẹ́ni. X-ray àyà ò ju bíi 0.1 mSv lọ (mSv la fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), ilẹ̀ àtojú ọ̀run ń fún wa ní bíi 2 sí 3 lọ́dún, tọwọ́ tiẹ̀ kéré sí tàyà gan-an.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sá sẹ́yìn ògiri nígbà náà?

Oníṣẹ́ X-ray: Ọmọ yìí á yà á lẹ́ẹ̀kan, àwa ń yà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn lójoojúmọ́, ó ń pọ̀ sí i lára wa ni. Téèyàn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló máa kàn án. Kí bàbá ẹ̀ ṣáà béèrè aṣọ òjé tó ń dí ìtànṣán lọ́nà kó tó wọlé, ẹ̀yin ẹ jókòó síta.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ ṣé gan-an ni, a ti ń lọ báyìí.