Kí ló wà nínú Joel tí ó fi parọ́ fún Ellie?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí. Àwa kan tí a ń gbé nítòsí LAUTECH ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ gbá géèmù The Last of Us parí ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Naughty Dog ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2013, àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa kò sì tíì tán. Ẹni tí ó bá ti gbá a yóò rántí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Joel mú Ellie, ọmọ ọdún 14, láti Boston dé Salt Lake City, nítorí pé àrùn tí irú olú kan ń kó wọ ọpọlọ ènìyàn kò rí ọmọ náà gbé ṣe. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn Firefly, ẹgbẹ́ tí ó ń wá oògùn àrùn náà, ní àwọn yóò la orí rẹ̀ kí àwọn tó lè rí oògùn ṣe, kò sì ní yè é. Joel pa wọ́n, ó gbé ọmọ náà sá lọ, nígbà tí ó sì jí, ó sọ fún un pé àwọn tí àrùn náà kò ràn bíi tirẹ̀ pọ̀ lọ jàra, pé àwọn dókítà ti jáwọ́ nínú wíwá oògùn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìpànìyàn yẹn. Irọ́ náà ni mo ń béèrè. Ṣé kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀ ni Joel ṣe pa irọ́ náà, àbí kí ọmọ náà má baà fi í sílẹ̀? Lójú tèmi, ara rẹ̀ ló ń ṣe é fún. (Kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí lọ wá a gbá o, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé.)

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ní alẹ́ tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀, ológun ló yìnbọn pa Sarah, ọmọ tí Joel bí, nígbà tí ó gbé e lápá. Ológun náà kò sì dédé ṣe é. Wọ́n pàṣẹ fún un ni, nítorí ààbò ìlú. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn tún kó irú àlàyé kan náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sin ọmọ rí, ẹ rọra dá a lẹ́jọ́.

Ará Akẹ̀sán:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi pànìyàn lẹ sọ, ẹni tí ó béèrè kò sì béèrè ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wo Marlene, olórí àwọn Firefly. Ó sọ fún Joel lójúkojú pé ohun tí Ellie fúnra rẹ̀ yóò fẹ́ nìyẹn, pé Joel náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Joel kò lè já a nírọ́. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni àṣírí rẹ̀ wà: bí ó bá dá a lójú pé ọmọ náà yóò wí pé òun kò fẹ́ kú, kí ni ì bá tún máa parọ́ fún un sí? Òótọ́ ì bá tó o.

Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà tún jẹ́rìí sí i. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, Joel ni à ń darí, bí a kò bá sì pa dókítà tí ó dúró níwájú wa, ìtàn kò ní tẹ̀ síwájú; a kò lè kọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn ìkẹyìn, Ellie ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa, Joel sì ń lọ níwájú, ó ń ròyìn Sarah fún un, Joel yìí kan náà tí kò tilẹ̀ fẹ́ gba àwòrán Sarah nígbà tí Tommy àbúrò rẹ̀ fi lọ̀ ọ́. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ wá kúrò lára Joel ni, kí á lè máa wò ó láti ẹ̀yìn bí Ellie ṣe ń wò ó.

Àgbà Òǹkàwé:
Ọ̀rọ̀ Marlene tí ẹ mú wá yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí òun náà kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ellie kò tíì lajú láti ìgbà tí omi ti fẹ́ gbé e lọ. Àwa ní Ọ̀yọ́ kò ṣàì mọ ikú tí a ń kú nítorí ìlú. Nígbà tí Aláàfin Ládígbòlù wàjà ní ọdún 1944, tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dí Olókùn Ẹṣin lọ́wọ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1945 kí ó má bá ọba lọ, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí Olókùn Ẹṣin. Ó ti mọ ohun tí oyè rẹ̀ gbé dání. Ta ni ó sọ fún Ellie? Joel fi irọ́ gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀, Marlene fi oògùn oorun gbà á. N kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ìyàtọ̀ kan wà: Marlene kò ní wà lọ́dọ̀ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó máa jẹ èrè ohun tí ó ṣe, bí Joel ti ń jẹ èrè irọ́ rẹ̀. Ní apá kejì tí ó jáde ní 2020, Joel sọ pé bí Ọlọ́run bá fún òun ní àǹfààní náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan náà ni òun yóò ṣe. Ìpànìyàn ló ń sọ. Kò sọ pé òun yóò tún irọ́ náà pa.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kò tíì mẹ́nu kan ohun tí Ellie fúnra rẹ̀ ṣe o. Ó ní kí Joel búra pé òótọ́ ni ohun tí ó sọ, Joel búra, Ellie náà sì gbà. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé wọ́n tan ọmọ yẹn jẹ.