Ṣé àṣìṣe náà ni errno ń kà?

Bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe error inú C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní "àṣìṣe", kí errno, ibi tí C ń fi nọ́ńbà ohun tó fa ìkùnà sí, sì jẹ́ "nọ́ńbà àṣìṣe". N kò fara mọ́ ọn. Ètò ní kí a ṣí fáìlì kan, fáìlì kò sí níbẹ̀, errno di 2, ìyẹn ENOENT. Ta ló ṣi nǹkan ṣe? Nígbà mìíràn, ńṣe lẹni tó kọ ètò náà mọ̀ọ́mọ̀ wá a láti mọ̀ bóyá ó wà. "Ìdíwọ́" ló wù mí. Bí nǹkan bá sì lọ déédéé lẹ́yìn náà, errno kì í tìtorí ìyẹn padà sí òdo, torí náà "nọ́ńbà ìdíwọ́ tó kẹ́yìn" ló péye jù.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi orúkọ kan náà pe strerror àti perror, irinṣẹ́ méjì inú C tó ń sọ nọ́ńbà yẹn di ọ̀rọ̀. strerror gba nọ́ńbà, ó dá gbólóhùn padà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. perror ló ń jábọ̀: ó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fún un, ó fi àmì olójú méjì yẹn sí i, ó so gbólóhùn mọ́ ọn, ó sì gbé e gba stderr jáde, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ètò ń gbà kéde ìṣòro.

Àwọn gbólóhùn yẹn gan-an ni wàhálà. "Permission denied", nọ́ńbà 13, ni àwọn kan túmọ̀ sí "A kò fún ọ láyè". "No space left on device", 28, wá di "Kò sí àyè mọ́". Àyè méjì! Ẹni tó bá rí àyè lóru, tí oorun wà lójú rẹ̀, lè máa pa fáìlì rẹ́ nígbà tó jẹ́ ìyọ̀ǹda ni kò ní. Ta tiẹ̀ ni "a" yẹn? Bó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ṣé "ọ" náà la ó máa pè é? "Kò sí ìyọ̀ǹda" yọ wá nínú gbogbo rẹ̀. ("Kò sí àṣẹ" kò dáa, àṣẹ la ń pe ohun tí a ń tẹ̀ sínú shell.)

Ibi tí "ìdíwọ́" ti fẹ́ há mi lọ́wọ́ ni EINTR, nọ́ńbà 4, nígbà tí signal, ìkìlọ̀ òjijì tí a fi ránṣẹ́ sí ètò, bá já lu ìpè tí ètò náà ń pe ẹ̀rọ, torí ìjálù yẹn fúnra rẹ̀ náà ń jẹ́ ìdíwọ́. "Ìpè já lójú ọ̀nà" ni mo fi sí i, bí a ti ń sọ ọ́ lórí fóònù. EAGAIN ló kù, èyí tó ń jáde nígbà tí ohun tí ètò bèèrè kò bá tíì wà nílẹ̀. "Ẹ tún un gbìyànjú" ti di àṣẹ, kì í ṣe àbọ̀ mọ́. Kí lẹ rò sí "Kò tíì ṣeé ṣe báyìí"?