Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtàn díféńdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni kí n fún ọmọ ọdún 14?

ÌyáTádé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. London la wà níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, díféńdà ni, àárín ẹ̀yìn ló máa ń gbá. Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù tó ti wà láti kékeré sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé àwọn ò ní lè máa bá a lọ mọ́. Àtìgbà náà ni kò ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ó ṣì ń wo fídíò àwọn agbábọ́ọ̀lù di òru. Ẹ bá mi dárúkọ díféńdà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo lè ní kó lọ wo ìtàn rẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹni tí ọ̀nà là fún láti ìbẹ̀rẹ̀ o.

Àdìsá_Ẹ̀yìn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Dan Burn ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ tán kí àwọn tó kù tó dá sí i.

Ọmọ Blyth ni, ìlú kan létí òkun, kò jìnnà sí Newcastle. Newcastle ló fẹ́ràn láti kékeré, akádẹ́mì wọn ló sì wà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Ó padà sí bọ́ọ̀lù àdúgbò, nígbà tó dàgbà díẹ̀ ó ń kó trólì jọ ní ilé ìtajà ńlá Asda. Darlington ló kọ́kọ́ gbé e wọ pápá lọ́dún 2009, ìsàlẹ̀ líìgì pátápátá ni wọ́n wà nígbà náà. Fulham rí i níbẹ̀, wọ́n rà á lọ́dún 2011, wọ́n sì yá a fún Yeovil àti Birmingham. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ Wigan, ó bá wọn gba League One, ìpele kẹta líìgì Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2018, kí Brighton tó mú un.

Ẹ wò ó, lóṣù kìíní ọdún 2022, Newcastle tó lé e lọ́mọdé wá fowó gidi rà á padà. Ẹni ọdún 29 ni. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, PSG wá sí ilé wọn fún Champions League, Burn fi orí kan ọ̀kan sáwọ̀n, wọ́n fi 4–1 na àwọn ará Paris. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2025 ló wá yé gbogbo ayé. Ìparí League Cup ni Wembley, Liverpool ni wọ́n kò lójú. Kọ́nà wọlé, Burn dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, ó fi orí gbá a láti ọ̀nà jíjìn wọnú àwọ̀n. 2–1 ló parí sí. Newcastle ò tíì gba ife ẹ̀yẹ kankan nínú ilé láti ọdún 1955!

Ọmọ_Èkó_ní_Leeds:
Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ fi adùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìparí yẹn ni Tuchel, tó jẹ́ kóòṣì England nígbà náà, pè é sí ikọ̀ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ aṣọ náà, Albania ni wọ́n gbá. Ọmọ ọdún 32!

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má gbàgbé tiwa o. Fikayo Tomori. Oluwafikayomi ni wọ́n sọ ọ́. Calgary ní Kánádà ni wọ́n bí i sí, Chelsea ló ti dàgbà, wọ́n yá a káàkiri: Brighton, Hull, Derby. Ó gbá a dáadáa ní Derby tó bẹ́ẹ̀ tí Lampard, kóòṣì rẹ̀ níbẹ̀ tó wá lọ Chelsea, fi mú un wọ ẹgbẹ́ Chelsea padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi í jókòó. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ AC Milan lọ́dún 2021, ọdún kejì wọ́n gba líìgì Ítálì.

Bàbá_Líìgì:
Tomori mọ bọ́ọ̀lù, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Chelsea ò lé e ní ọdún 14. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yìí béèrè, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yorùbá nìkan gbé yín lọ.

Ẹni tèmi ni Stuart Pearce, díféńdà apá òsì. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́, Wealdstone ló sì ń gbá fún, ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì rárá. Ó ti pé ọmọ ọdún 21 kí Coventry tó rà á lọ́dún 1983. Nígbà tó dé Nottingham Forest lọ́dún 1985, ó ṣì ń polówó iṣẹ́ iná rẹ̀ nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fáwọn òǹwòran, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó wá tún iná ilé òun ṣe. Kò dá bọ́ọ̀lù nìkan gbọ́kàn lé. Lọ́dún 1990, ní Turin, ó pàdánù pẹnárítì tí Jámánì fi lé wọn jáde ní Ife Àgbáyé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nínú ife ilẹ̀ Yúróòpù (Euro 96), England kojú Spain ní Wembley, pẹnárítì tún dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ gbé bọ́ọ̀lù. Ó wọlé. Ẹ lọ wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwa tó wo méjèèjì pariwo títí ohùn fi há.

Rónkẹ́_Gunner:
Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Tony Adams ni? Arsenal nìkan ló gbá fún láti 1983 dé 2002, balógun ni láti ọmọ ọdún 21.

Bàbá_Líìgì:
Àbúrò mi, Adams lọ ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó mutí wa ọkọ̀, lọ́dún 1990. Ọdún 1996 ló tó sọ fáyé pé ọtí ti di àìsàn òun. Ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó tún dá ilé ìtọ́jú Sporting Chance sílẹ̀ fáwọn eléré ìdárayá. Ìtàn ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tó ọdún 17.

Rónkẹ́_Gunner:
Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n góòlù tó gbá sí Everton lọ́dún 1998, ọmọdé lè wò ó.

ÌyáTádé:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti Burn fún un, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti Asda. Ìbéèrè kan ló bi mí tí mi ò lè dáhùn: Burn ga ju mítà méjì lọ, òun ò sì ga rárá. Kí ló máa ṣe?

Àdìsá_Ẹ̀yìn:
Ẹ bi í bóyá ó mọ ẹni tó gbá kọ́nà ọjọ́ náà. Kieran Trippier. Kò ga, díféńdà lòun náà, apá ọ̀tún ló ń gbá. Manchester City ló ti dàgbà, kò sì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Barnsley, Burnley, Tottenham, kó tó gba líìgì Spain pẹ̀lú Atlético Madrid lọ́dún 2021. Òun ló gbá fírí-kíìkì yẹn sí Croatia nínú ìdíje tó ṣáájú ìparí Ife Àgbáyé ọdún 2018. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kọ́nà àti fírí-kíìkì láti ìsinsìnyí, kó sì gbìyànjú apá ọ̀tún wò. Kì í ṣe àárín ẹ̀yìn nìkan ló wà. Burn alára, apá òsì ni Newcastle lò ó sí nígbà púpọ̀.

ÌyáTádé:
Apá ọ̀tún. Mo máa sọ fún un bó bá ti ilé ìwé dé.