Aràn ni àbí òwú? Ohun tí abẹ́rẹ́ fà jáde nínú kókó ọmú

Abẹ́rẹ́Tínrín:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Kókó kan wà lábẹ́ awọ ọmú obìnrin, dókítà ń fura sí jẹjẹrẹ, a sì fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Lórí síláìdì tí a fi Giemsa pa láró, a kò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Eosinophil (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń pọ̀ bí aràn bá wà lára) ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ohun tínrín méjì tó ká jọ. Ṣé microfilaria (ọmọ aràn filaria) ni, àbí òwú? Bó bá jẹ́ aràn, irú wo ni?

ÌyáSíláìdì:
Ẹ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Òwú kì í ní núkílíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ti microfilaria tò tẹ̀lé ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní polarizer (gíláàsì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀), òwú á tàn yanran. Ohun tó bá sì léfòó sókè ju àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ fura sí i: ó lè jẹ́ inú àró ló ti wá.

Ìrù ló kù, òun ló ń fi irú aràn hàn. Ẹ lọ sí lẹ́ńsì 100x pẹ̀lú òróró. Wuchereria bancrofti àti Loa loa, inú àkọ̀ (awọ tínrín tó bo aràn) ni àwọn méjèèjì wà. Ti Loa, núkílíọ́ọ̀sì dé ṣóńṣó ìrù, ti Wuchereria kò dé ibẹ̀. Mansonella perstans kò ní àkọ̀, ó kúrú (nǹkan bíi 200 µm), núkílíọ́ọ̀sì sì kún ìrù rẹ̀ tó kù kùǹdù. Ẹ má tìtorí pé ẹ kò rí àkọ̀ lórí Giemsa kẹ́ ẹ ní kò sí o! Ti Wuchereria kì í gba àró yẹn. Àró Haematoxylin ló ń fi í hàn.

Ọ̀gáSẹ́ẹ̀lì:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ fi lẹ́ńsì 10x wo gbogbo síláìdì yòókù, pàápàá etí àti ìparí ibi tí ẹ tẹ́ ẹ dé, torí ibẹ̀ ni aràn máa ń sún lọ. Bí ẹ bá máa tún un fà: abẹ́rẹ́ 23G, sírínjì 10 ml, kí ẹ sì dáwọ́ fífà dúró kí ẹ tó yọ abẹ́rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á sá wọ inú sírínjì. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ gbẹ fún Giemsa, kí ìyókù wọ ọtí 95% lójú ẹsẹ̀ fún àró Papanicolaou.

Abẹ́rẹ́Tínrín:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Núkílíọ́ọ̀sì kò dé ṣóńṣó ìrù, òfìfo funfun, bí àkọ̀ tí kò gba àró, sì yí i ká. Ṣé ká dámọ̀ràn DEC (diethylcarbamazine, oògùn aràn filaria)?

ÌyáSíláìdì:
Rárá o. Wuchereria ni ẹ máa kọ, ìtọ́jú di ti dókítà. Kó rí i dájú ná pé Onchocerca (aràn filaria mìíràn) àti Loa kò sí lára obìnrin náà: DEC lè ṣe ojú ẹni tó ní Onchocerca léṣe, ó sì lè kó bá ọpọlọ ẹni tí Loa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí méjì òru fún Wuchereria, kí ẹ tún gba ti ọ̀sán fún Loa. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kò pa ohun tó wà lórí síláìdì rẹ́.

Ọ̀gáSẹ́ẹ̀lì:
Ẹ má sì kọ «kò sí jẹjẹrẹ» nítorí aràn. Àwọn méjèèjì lè wà nínú kókó kan náà. Bí sẹ́ẹ̀lì ọmú kò bá pọ̀ tó lórí síláìdì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.