Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ayùn orí tábìlì

Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣé gan-an. Mo béèrè lọ́wọ́ yín irú ayùn orí tábìlì (ayùn oníná tí abẹ rẹ̀ yọ sókè láàrín tábìlì) tó ṣeé gbé tí mo lè rà, fún ilé iṣẹ́ kékeré lẹ́yìnkùlé ní Adó-Èkìtì. Èyí tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 10 ni mo mú: 1,800 wáàtì, fólítì 230. Ti fólítì 110 tó ń ti Amẹ́ríkà wá kò wọ́n, àmọ́ bí ẹ bá so ó mọ́ iná wa tààrà, mọ́tò á jó.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e, nítorí ó ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ló tó o. Wáyà tín-ín-rín tún ń dín iná kù, 2.5 mm² ni kí ẹ lò.

Ibi tó le jù ni irin ìtọ́sọ́nà ẹ̀gbẹ́, èyí tí pákó ń fara tì bí a bá ń tì í lọ síbi abẹ. Ẹ wọn àlàfo àárín òun àti abẹ, níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá fún ju iwájú lọ, pákó á há, abẹ á sì ta á padà lu ẹni tó ń tì í. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn abẹ, tí àwọn kan máa ń yọ dànù (ẹ jọ̀ọ́!), ni kì í jẹ́ kí pákó fún abẹ.

Abẹ eléyín 24 fún lílà pákó lóròó, 60 fún gígé e níbùú. Ẹ bo imú bó bá jẹ́ ìrókò. Eruku rẹ̀ burú. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.