Àwọn ará òkè òkun ń bọ̀ wá ṣọdún: báwo la ṣe máa to eré alẹ́ àti òde Màmá kí ó má bàa dàrú?

Àbíkẹ́yìn_Ìkòròdú:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń bọ̀, ọ̀kan láti London, ọ̀kan láti Toronto, pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún 15, èkejì ọdún 12. Wọ́n á gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Dìsẹ́ḿbà, wọ́n á padà ní ọjọ́ 3 oṣù Jánúárì. Ìkòròdú là ń gbé.

Wọ́n fẹ́ wo eré ńlá kan ní Victoria Island. Wọ́n fẹ́ gbọ́ fújì lójúkojú. A tún fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún Màmá wa ní Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì, pẹ̀lú olórin. Báwo ni ká ṣe to ọjọ́ wọ̀nyí? Kí la gbọ́dọ̀ wò ká tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Kí la ń bá olórin sọ ká tó sanwó fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fínnífínní.

Ọmọ_Oníkan:

Ẹ kú ìmúra o. Ojú ọ̀nà àti ẹnu géètì ló ń ba Dìsẹ́ḿbà jẹ́ l'Ékòó ju ohunkóhun lọ, ibẹ̀ ni kí ètò yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi nǹkan kan sí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Aago Toronto fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn ti Èkó nígbà ọyẹ́, nítorí náà aago mẹ́rin ìdájí ni oorun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kun ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé. Ti London ò ju wákàtí 1 lọ, wọn ò ní mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹ bá gbé ẹni tí oorun ò tíì bá ibí mu lọ síbi eré ní ọjọ́ kejì, orí àga ló máa sùn sí, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn.

Eré ńlá kan ti tó. Ẹ fi sí ọjọ́ 21 tàbí 22, kí ó jìnnà sí òde Màmá. Tí ẹ bá fi sí alẹ́ tó ṣáájú òde, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ máa dá láàárọ̀ ọjọ́ òde, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ máa dá àga tò.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo irú ibi tí eré náà wà. Eko Convention Centre wà lábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn tútù wà níbẹ̀, àga àti tábìlì sì wà fún ẹni tó bá sanwó rẹ̀. Tafawa Balewa Square àti Eko Atlantic jẹ́ gbangba: ìdúró ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, eruku ọyẹ́ sì ń bẹ. Ẹ wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ eré alẹ́ ni kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kékeré ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó. Tí ẹ bá ti ra ti àwọn ọmọ méjèèjì kí ẹ tó rí i, wọn kì í sábà dá owó padà.

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí olórin náà tàbí àwọn tó gbé eré kalẹ̀ fúnra wọn kéde ni kí ẹ ti rà á. Káàdì báǹkì òkè òkun máa ń kọ̀ níbẹ̀ nígbà míì, nítorí náà kí ẹni tó wà nílé fi káàdì náírà ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì QR orí tíkẹ́ẹ̀tì kì í gba èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e dé géètì ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi ń ta àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́wàá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Ẹ wà á sórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń há nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá kó jọ sójú kan. Tó bá jẹ́ tábìlì lẹ rà, ọwọ́ ẹni tó rà á ni bàǹdì ọwọ́ gbogbo yín máa wà, nítorí náà ẹ jọ dé ni o.

Aago méje tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí géètì ṣí ni. Ó wọ́pọ̀ kí olórin tí gbogbo ayé wá wò má gun orí pèpéle títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ jẹun kánú kí ẹ tó lọ, ẹ wọ bàtà tó ṣeé dúró nínú ẹ̀, ẹ dé ní bíi aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ tún mú ibì kan tí ẹ máa ti pàdé bí ẹnì kan bá sọnù, ibi tó ṣeé rí láti òkèèrè, tí kì í ṣe ẹnu géètì fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà wá kù. Láti Ìkòròdú, ọkọ̀ ojú omi ló dára jù. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Ìpakodò lọ́sàn-án, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Five Cowries ní Falomo, afárá kan péré ló kù kí ẹ dé Victoria Island. Kí olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọkọ̀ ojú omi kì í ná lóru, nítorí náà ẹ gba yàrá sí Island fún alẹ́ kan, kí ẹ padà láàárọ̀. Owó yàrá lè dà bí ìfiṣòfò, àmọ́ ẹ fi wé iye tí ọkọ̀ orí áàpù máa ń dà ní aago mẹ́ta òru nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń wá ọkọ̀ pọ̀, tí awakọ̀ tún ń fagi lé e bó bá ti gbọ́ Ìkòròdú.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Nǹkan méjì péré ni tèmi. Àkọ́kọ́, ibà. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kò ní ààbò ibà lára, àgbà tó ti pẹ́ níbẹ̀ náà ti pàdánù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Kí wọ́n gba oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n má sì dá a dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà, torí ó ní iye ọjọ́ tí wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fi lò ó lẹ́yìn ìrìn àjò. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí wọ́n padà, kí wọ́n sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Èkejì, etí. Ní déèsíbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó láti máa ba etí jẹ́, ariwo iwájú sípíkà sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí fún àwọn ọmọ, kí Màmá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má sì jókòó síbi tí sípíkà kọjú sí lọ́jọ́ òde. Àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ pé ariwo ń dà wọ́n láàmú. Ṣe ni wọ́n máa dìde, tí wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn.

Àyàn_Ọ̀dọ̀fin:

Ní ti fújì, ẹ má wá a lọ síbì kankan. Òde gan-an ni ilé rẹ̀. Inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí láti jẹ sààrì lóṣù Ramadan, ni Àlàájì Sikiru Ayinde Barrister ti yọ fújì, torí náà kíkí èèyàn lórúkọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lórí pèpéle ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni olórin ń kọrin fún. Lóde Màmá, bàbá tó bí i àti ọkọ tó fẹ́ ẹ ló máa ki, orúkọ àwọn ọmọ á sì tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 12 tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu gángan kò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Àmọ́ ẹ bi Màmá léèrè o! Ẹni àádọ́rin ọdún lè jẹ́ ẹni Ebenezer Obey tàbí Sunny Ade, kí ó jẹ́ pé jùjú ló fẹ́. Òun ló ni ọjọ́.

Ohun tí ẹ máa bá olórí ẹgbẹ́ sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí wọ́n máa gbé ohun èlò wọlé, aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, wákàtí mélòó, èèyàn mélòó ni ẹ máa bọ́, ta ló ni sípíkà, ta ló sanwó ọkọ̀. Ẹ fi kún un pé olórin tí ẹ bá dúnàádúrà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. Ní Dìsẹ́ḿbà, ẹgbẹ́ kan lè gba òde mẹ́ta lọ́jọ́ kan, kí ó pín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ káàkiri. Ẹ san ìdajì ní àsansílẹ̀, kí ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá ti to ohun èlò tán. Ẹ bi àwọn onígbọ̀ngàn léèrè aago tí wọ́n ń tilẹ̀kùn pẹ̀lú, torí bí olórin bá pẹ́ dé, ẹ̀yin lẹ máa san owó wákàtí àfikún.

Iná mànàmáná ni ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ má ṣe so ẹgbẹ́ olórin mọ́ jẹnẹrátọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù. Nígbà tí ẹ̀rọ atẹ́gùn bá tan, ó máa ń fa iná lójijì, fóltéèjì á wálẹ̀, dùùrù àti míkísà á kú, wọ́n á tún tan ara wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láàárín oríkì Màmá nìyẹn. Ẹ béèrè iye wáàtì tí ohun èlò wọn ń jẹ, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lé e, kí ẹ gba jẹnẹrátọ̀ tó gbé iye yẹn fún wọn lọ́tọ̀.

Ìwé orúkọ ni èyí tí èmi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ojú ewé kan péré, àgbà ṣáájú, pẹ̀lú oríkì ìdílé baba Màmá àti ti ọkọ rẹ̀. Ẹ fi àmì sára orúkọ àwọn tó ti di olóògbé, kí olórin má lọ kí òkú bí alààyè. Bí àna tàbí ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe Yorùbá bá wà, ẹ fi ohùn ka orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kí àgbà méjì nínú ẹbí ka ìwé náà kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ àbúrò Màmá kan tí ẹ bá gbàgbé lè dá ìjà tó máa ju ọdún tuntun lọ sílẹ̀. Kí àwọn tó dé láti òkè òkun wá mú owó tuntun dání, kí wọ́n náwó fún olórin dáadáa, torí owó ló ń mú ohùn lọ sókè.

Alágbàwí_Kékeré:

Ẹ̀gbọ́n Àyàn, gbogbo ọ̀rọ̀ yín dára àfi ti ìparí yẹn. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) ti ọdún 2007 ka níná owó náírà sí èèyàn lára lóde, jíjó lórí rẹ̀ àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò kéré sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Títa náírà tuntun lẹ́nu ọ̀nà òde náà wà nínú abala yẹn. Wọ́n ń mú un ṣẹ gan-an: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 láìfún un láǹfààní owó ìtanràn. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, àwọn tó ti òkè òkun dé ló sì ń gbé fídíò jáde jù. Wọn ò mọ òfin yìí, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn.

Ẹ gbé àpótí aláṣọ òkè kan síwájú Màmá, òmíràn síwájú olórin. Kí wọ́n jó débẹ̀, kí wọ́n rọra fi àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀ sínú àpótí. Olórin á ṣì kì wọ́n.

Àyàn_Ọ̀dọ̀fin:

Òótọ́ lẹ sọ, mo gba àtúnṣe. Ẹ sọ ti àpótí náà fún olórí ẹgbẹ́ nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà, torí àwọn kan ń fi owó tí wọ́n retí lóde dín iye tí wọ́n á gbà.

Àbíkẹ́yìn_Ìkòròdú:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ni ká ṣe fún àwọn ọmọ tí wọn ò bá gbà wọ́n láàyè níbi eré alẹ́? Aṣọ ẹbí ńkọ́, nígbà tí àwọn tó máa wọ̀ ọ́ ò sí nílé kí télọ̀ wọ̀n wọ́n?

Ọmọ_Oníkan:

Fún àwọn ọmọ, ọ̀sán kan ní Oníkan ti tó. John Randle Centre wà níbẹ̀ tó ń fi àṣà àti ìtàn Yorùbá hàn. Freedom Park ní Broad Street kò jìnnà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni, ó ti di ibi orin àti eré báyìí. Tafawa Balewa Square sì wà nítòsí, ibi tí wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960. Kò náni lówó púpọ̀, àwọn ìbátan tó wà nílé náà sì lè bá wọn lọ láìwo ojú ẹni tó ti òkè òkun dé. Inú mi máa ń dùn sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ju tábìlì olówó ńlá lọ. Ẹ yẹra fún ibi ayẹyẹ ọ̀fẹ́ tí èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu géètì. Ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ní Dìsẹ́ḿbà ọdún 2024. Bí ẹ bá débẹ̀ tí géètì kan ṣoṣo ló ṣí, ẹ yí padà.

Ìyá_Aláṣọ:

Ìró àti bùbá léèsì, yáàdì 5 fún obìnrin kan. Agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, yáàdì 10 fún ọkùnrin tó ga. Bùbá àti ṣòkòtò lásán, 4 sí 5. Gèlè ni kí ẹ rà kẹ́yìn, kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá aṣọ mu lójú yín.

Ẹ ní kí wọ́n wọn ara wọn ní ínṣì, torí ínṣì ni àwọn télọ̀ wa ń lò. Ẹni tó kọ 96 láìsọ pé sẹ̀ǹtímítà ni, ẹ mọ ohun tó máa wọ̀. Kí ẹlòmíì bá wọn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ya àwòrán téèpù lára àyà, ìbàdí àti èjìká, kí ẹ lè rí i bóyá ó lọ́ tàbí kò lọ́. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú òde ni kí aṣọ wà lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ ní kí ó fi ínṣì 1 sílẹ̀ nínú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó má gé e dànù, kí àyè àtitú lè wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sinmi tán, ìyẹn bíi ọjọ́ 20, ni kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, torí lẹ́yìn ọjọ́ 23 kò sí télọ̀ tó máa gbé fóònù. Àwọn ọmọ ni kí ẹ mú ṣáájú, wọ́n ti lè ga sí i láàárín oṣù méjì.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa gbowó aṣọ, kí ó kọ iye rẹ̀ ní náírà pẹ̀lú déètì tó rà á. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún wọn ní pọ́n-ùn, tí iye pààrọ̀ bá yí padà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ẹnì kan á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.